Oògùn Tí O Fi Ránṣẹ́, Mo Dá A Padà

Òde Oǹdó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ilé tuntun. Ara wa le níbí. Orúnkún ọ̀tún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ará ilé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń jẹ́ kó o ráyè jẹun ọ̀sán níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, omi lásán lo máa ń mu.

Awakọ̀ tó o fi ẹrù rán dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo rí búrẹ́dì, mo rí ìpara orúnkún, mo rí aṣọ tó o rà fún mi. Ó bá mi lára mu rẹ́gí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà rà fún ọ. Mo sì rí páálí oògùn mẹ́ta tó o dì sáàárín aṣọ, pẹ̀lú ìwé pélébé tó o kọ mọ́ ọn: “Màámi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn tí kò wá síbi ìwádìí wa mọ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Ẹ má ra ti ọjà mọ́, ó ti wọ́n jù. Ẹ máa lo èyí láràárọ̀.”

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á. Ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí mo nu ojú mi tán, inú wá bí mi gidigidi. Awakọ̀ kan náà ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀, páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dá wọn padà síbi tó o ti mú wọn, kó o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún ọ̀gá rẹ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Oṣù kìíní rẹ rèé lẹ́nu iṣẹ́ tó o ti ń wá láti ìgbà tó o ti sin ìlú tán. Bí wọ́n bá lé ọ torí èmi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé oògùn ọ̀hún mì?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tìrẹ ti dé Oǹdó o. Torí náà jókòó, bọ́ bàtà, kó o ka ìwé yìí tán. Ó gùn. O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù, torí orí fóònù ni wàá ti máa dá mi lóhùn pé, “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀.”

O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí n kò tíì jókòó sọ fún ọ ni pé èmi náà ti ṣiṣẹ́ níbi ìwádìí ìṣègùn bíi tìrẹ, kí n tó bí ọ. Àwọn ọdún tí ìlú le ni. Owó oṣù a máa pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, ọjà á ti kọjá a lọ. Ní ilé ìwòsàn wa, aláboyún tó bá fẹ́ wá bímọ a gbé ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ dání, á gbé òwú, á gbé karosíìnì tá a máa fi se abẹ, á tún pọn garawa omi kan. A máa ń kọ orúkọ oògùn fún aláìsàn ni, a kì í fún un ní oògùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n l'Ékòó a ní kó bá òun wá a níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọdún yẹn ni àwọn dókítà kan ti ilé ìwòsàn yunifásítì wá. Wọ́n ń wádìí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gba yàrá ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù wa, wọ́n kùn ún, wọ́n tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n gbé fírísà wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wá, tuntun nínú ọ̀rá. Wọ́n tún gbé Lándì-Rófà kan wá tí a ó máa gbé lọ oko. Àwa mẹ́ta ni wọ́n mú láti inú wọ́ọ̀dù. Àbẹ̀kẹ́, ìgbéraga wọ̀ mí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá kí mi láàárọ̀, orí ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ibi iṣẹ́ rẹ yẹn, ohun èlò pọ̀ níbẹ̀, ògiri kan péré ló sì wà láàárín yín àti àwọn tí kò ní. Ògiri yẹn a máa sọ èèyàn di òmùgọ̀. Lọ́nà méjì ló ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà kan ni ti ẹja. Fírísà wa nìkan ni fírísà tó ń tutù ní gbogbo ọgbà náà, torí jẹnẹrétọ̀ wa kì í kú. Métírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹja kòtè wá, ó ní kí n bá òun fi pamọ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Ta ló bí mi dáadáa tí màá fi kọ̀ fún Métírọ́ọ̀nù? Bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì, akọ̀wé gbé ẹran wá. Kò pẹ́, àlùfáà tó ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn gbé adìyẹ wá. Fírísà kan tí wọ́n rà fún ẹ̀jẹ̀ di ìsọ̀ alátùtù. Lọ́jọ́ kan, dókítà àgbà wa fẹ́ mú ẹ̀jẹ̀ tí a kó láti oko. Ó ṣí i, orí kòtè ló kọjú sí i. Ó wo ẹja náà títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Sísítà, aláìsàn wo nìyí?”

A rẹ́rìn-ín nígbà náà, àní Métírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣíṣí tí gbogbo èèyàn ń ṣí fírísà yẹn láàárọ̀ lálẹ́ ti ba ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, tí wọ́n na apá fún abẹ́rẹ́, la dà nù. Dókítà ní kí èmi lọ sọ fún wọn pé a máa tún un gbà. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ẹja kòtè fún ọjọ́ pípẹ́. Torí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹja ẹnikẹ́ni wọ fírísà yín. Bí ọ̀gá àgbà pátápátá bá gbé e wá, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kó o sì gbé e lé e lọ́wọ́ padà.

Ọ̀nà kejì ni ti iná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, àtùpà ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí ní yàrá ìrọbí, nígbà tí iná jẹnẹrétọ̀ wa ń tàn sórí àga àti tábìlì níhà kejì ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ dé; gbogbo wa ń rí i, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A rò pé nǹkan ìwádìí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nígbà tó yá mo gbójú, mo lọ bá dókítà, mo ní, “Sà, ṣé a ò lè fa wáyà kan lọ bá wọn?” Ó ní, “Ṣé wọn kò ní iná níbẹ̀ ni?” Kò mọ̀! Lọ́jọ́ kejì ni wáyà kọjá lórí ògiri. Gbogbo oṣù tí a fi ń wòran, ẹnu wa tí a pa mọ́ nìkan ló dá wáyà yẹn dúró. Ohun tó bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín tó sì lè ṣe aláìsàn láǹfààní, béèrè fún un ní gbangba. Èyí tí a bá béèrè a máa ní ìbùkún. Èyí tí a bá dì sáàárín aṣọ ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́, ìwọ náà mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ bàtà pẹlẹbẹ lọ síbi iṣẹ́ o. Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. Gìgísẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ kejì. Bọ́lọ́rundúró ni wọ́n rán wa lọ láti wá àwọn tó máa kópa. O mọ̀ pé oko tí ìjọba dá sílẹ̀ nígbà ayé àwọn bàbá wa ni, ìjọba ló pín ilẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀. A kí olórí wọn bó ti yẹ, a ṣàlàyé, ó ní kò sí wàhálà. Nígbà tí a fi máa padà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti tò lọ rẹrẹ lábẹ́ igi, wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti yá. Bàbá arúgbó kan wá rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, tí n bá ní n ò ṣe, ṣé wọn ò ní gba oko kòkó mi?” Háà! Wọ́n rò pé àṣẹ ìjọba la mú wá. Kò sẹ́ni tó gbà nínú wọn, ẹ̀rù ló tò wọ́n síbẹ̀.

A tú wọn ká, a sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ilé oníkálukú. Àwọn kan kọ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bákan náà. Ọmọ mi, èèyàn wa kì í fẹ́ já àlejò kulẹ̀, wọn kì í sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹni tó wọ aṣọ funfun lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá sọ pé “kò burú, Dókítà,” má tíì gbé abẹ́rẹ́. Sọ fún un pé bó bá kọ̀, ẹ ó ṣì máa tọ́jú rẹ̀, kó o wá dákẹ́ kó ronú. Dídákẹ́ yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà, ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi.

Ọ̀rọ̀ kẹta gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Lára àwọn tó fi tọkàntọkàn gbà ni obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀. Ọmọ Ọ̀bà-Ilé ni, ọkọ ló gbé e wá sí Bọ́lọ́rundúró. Aláwàdà èèyàn, tó jẹ́ pé bí mo bá dé pẹ́nrẹ́n, á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti wá mu ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ má gbàgbé pé n ò sanra.” Ìgò kan la ń fún oníkálukú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ti ṣàlàyé fún wọn pé oògùn gidi wà nínú ìgò àwọn kan, ti àwọn kan sì rí bákan náà ṣùgbọ́n kò ní oògùn nínú, àwa náà ò sì mọ èyí tí a fún ta ni, kí a lè mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la sì ń wọn ìfúnpá wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá gòkè, dókítà a yọ ọ́ kúrò, á fún un ní oògùn tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí ti Ìyá Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe fún un, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a débẹ̀, kò bá mi ṣàwàdà. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, oògùn yín kò ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n yín? Oògùn wo?”

“Èyí tó wà nínú ìgò. Àwa méjèèjì la jọ ń lò ó kí ẹ tó pààrọ̀ tèmi. Mo máa ń pín in sí méjì, kí n fi ti ẹ̀gbọ́n mi rán àwọn tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ ni, ní Ọjà Ọba. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru, ó sì ti ní oògùn tirẹ̀ tó ń fi ìyà rà. Nígbà tí àbúrò wá rí oògùn ọ̀fẹ́ tí àwọn dókítà ńlá ń fi mọ́tò gbé wá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n má fi owó ṣòfò mọ́. Ẹ̀gbọ́n jáwọ́ nínú tirẹ̀. Ó ń jẹ tiwa títí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

Inú bí mi, mo pariwo mọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe irú èyí?” Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, nígbà tí kò sí oògùn ní gbogbo ìlú, tí Ọlọ́run wá fún èmi, ṣé kí n máa dá a jẹ ni? Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi í pamọ́ fún àwọn ọmọdé, mo sì fi pamọ́ fún wọn. Ẹ ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi.”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo àlàyé wa, ti ọmọdé la mẹ́nu bà. Èmi ọmọ Oǹdó, tí ìyá mi kì í bu ọbẹ̀ kí ó má yọ ti aládùúgbò sọ́tọ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé wọ́n á pín in. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ń dá ìgò òfìfo padà, mo sì ń yìn ín pé kò sẹ́ni tó ń lo oògùn dáadáa bíi tirẹ̀.

Mo bá a lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ ọjà. Ẹ̀gbọ́n náà wà lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, kò gbé e. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí kò tíì gé tán. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń ṣàlàyé, kò jọ pé ó ń gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń dárò lóhùn ìlú wọn, “Uṣẹ́ mi, Nọ́ọ̀sì. Uṣẹ́ mi.” Kò kú, Ọlọ́run ṣeun, ó tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ yẹn di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Nígbà tí ìwádìí parí tí wọ́n tú àṣírí àwọn ìgò, a rí i pé ti Ìyá Bọ́sẹ̀ kò ní oògùn nínú.

Mo mọ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Wàá ti máa sọ lọ́kàn rẹ pé, “Tiwa yàtọ̀ o, Màámi, oògùn ni gbogbo rẹ̀, kò sí òfìfo tí kò ní oògùn nínú.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tún ìtàn náà wò. Òfìfo kan náà ni àbúrò jẹ, kí ló dé tí kò ṣe é ní nǹkan kan? Torí pé à ń wọn tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Nígbà tó gòkè, ẹnìkan rí i. Ẹ̀gbọ́n kò ní ẹni tó ń wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọmọ mi. Gbogbo ohun èlò ibi iṣẹ́ yín, àti fírísà, àti jẹnẹrétọ̀, àti oògùn olówó ńlá, torí kí ojú lè wà lára èèyàn ni wọ́n fi rà wọ́n. Ìwọ wá yọ oògùn ránṣẹ́ sí mi, o fi ojú sílẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Bí tiyín bá le jù fún mi, tí mo bá ṣubú nínú balùwẹ̀, ta ló máa mọ̀? Bàbá rẹ tó jẹ́ pé tí mo bá ń pariwo, ó rò pé orin ni mò ń kọ?

Láti ìgbà yẹn, a fi ìbéèrè kan kún iṣẹ́ wa. Kí a tó gbé ìgò fún ẹnikẹ́ni, a ó bi í pé, “Ta ló tún ní irú àìsàn yìí nínú àwọn èèyàn yín?” Bó bá dárúkọ rẹ̀, a ó ní kó mú un wá, ká wọn tirẹ̀ náà, ká sì tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó mú iṣẹ́ pọ̀ sí i, dókítà kò sì kọ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ bóyá ẹ̀yin náà ń ṣe é. Bí ẹ ò bá ṣe é, máa ṣe é.

Ó ku ohun kan, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Wàá rí i pé etí páálí kan ti ya. Má bi awakọ̀. Àǹtí rẹ Dúpẹ́ wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo ń tú ẹrù náà. Ó rí oògùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru, ẹ bù fún mi níbẹ̀.” Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti ya páálí, mo ti na káàdì oògùn kan sí i. Èmi! Èmi tí mo rí ọwọ́ aránṣọ yẹn lórí itan rẹ̀. Ìgbà tí mo rí i tó ń sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì ni orí mi tó wálé, mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú, ó ní mo di ahun nítorí ọmọ mi dé ipò. Kò jẹ iyán tí mo gún fún un.

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ yìí. Mo sọ ìtàn yìí fún un láti orí dé ìdí, a sì jọ sunkún díẹ̀. Ó ti gbà láti bá mi wá.

Àwa méjèèjì ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn yín l'Ákùúrẹ́ lọ́jọ́ Ajé. A ó san owó káàdì ìwòsàn bí gbogbo èèyàn ṣe ń san án, kí wọ́n wọn ìfúnpá wa, kí wọ́n kọ oògùn tó bá yẹ wá. Má ṣe wá fà wá síwájú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá rẹ ni mí títí wọn yóò fi wọ̀n mí tán. Tí o bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe mí lóore, wá àga méjì sílẹ̀ dè wá, níbi tí ìlà bá parí sí.

Èmi ni, ìyá rẹ tí orúnkún ń ro, tí inú rẹ̀ ṣì dùn sí ọ.